Ẹja Mẹ́fà àti Òkúta Inú Ajere

Ilé wa, Ọ̀fà,
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà ọyẹ́.

Mórónkẹ́, Àjíkẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Ìyá rẹ jókòó tì mí títí mo fi kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Inú wa dùn pé ilé tí wọ́n fún ọkọ rẹ ní Mínná ní yàrá mẹ́ta àti igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o fi sí ìsàlẹ̀ ìwé, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé oyún náà ti pé oṣù mẹ́rin, ìyẹn ni ìyá rẹ ní kí n tún kà lẹ́ẹ̀kẹta. Mo kà á. Ó ní, "Ẹ tún un kà, ẹ má sáré." Mo tún un kà.

O béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi nínú lẹ́tà náà. O ní tíṣà òyìnbó tó gbé ilé yẹn ṣáájú yín fi àpótí onígíláàsì kan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja mẹ́jọ. O ní asẹ́ tó ń fọ omi wọn mọ́ kún fún òwú, èédú àti òkúta wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà o kọ ọ́ báyìí: "Bàbá, ìgbà wo ni kí n pààrọ̀ rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ rántí àwọn tí mo pa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọwọ́ mi kò dára fún ohun ẹlẹ́mìí. Bí mo ṣe wà yìí, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun tún kú sí mi lọ́wọ́."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo húkọ́, mo fò ó. N kò kà á sókè fún ìyá rẹ. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin ni mo fò ó.

O mọ̀ pé alẹ́ ni mo máa ń kọ̀wé sínú ìwé mi, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà kékeré. Ó pẹ́ tí mo ti ń fura sí ìwé yẹn. Ohun tí mo bá kọ lálẹ́ máa ń gbè mí lẹ́yìn jù. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ yìí, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ti lè rí mi, láti dá ọ lóhùn. Ìbéèrè méjì ni o bi mí, o rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn níbẹ̀.

Má pààrọ̀ ohunkóhun nítorí pé ó dọ̀tí. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ dì mú nìyẹn, ó sì ta ko gbogbo ohun tí èmi fúnra mi fi kọ́ ọ nílé. Ìwọ náà rántí irú ilé tí a tọ́ ọ dàgbà sí. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó nílé-ìwé, èmi ni mo ń yẹ èékánná àti eyín wọn wò láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Nǹkan tó bá ti dúdú lójú mi, mo ti fẹ́ fi ọṣẹ bò ó. Ṣùgbọ́n ẹja kò mọ tíṣà ìmọ́tótó.

Òwú ni kí o máa wò jù, nítorí òun ni ìdọ̀tí kọ́kọ́ ń bá pàdé. Tẹ́tí sí omi rẹ. Bí omi bá ń gba inú asẹ́ kọjá dáadáa bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, fi òwú náà sílẹ̀, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Bó bá ti ń lọ́ra, tó ń kán tó-tó-tó níbi tó ti ń dà ṣòòrò, yọ ọ́ jáde kí o fún un. Bu omi inú àpótí ẹja fúnra rẹ̀ sínú abọ́, inú omi yẹn ni kí o ti fún un, má gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Mo gbọ́ pé wọ́n ń da oògùn sí omi ẹ̀rọ tiyín lọ́hùn-ún. Oògùn yẹn dára fún ìwọ. Ọjọ́ tí òwú bá ń já sí ọ lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tó ti sùn, ọjọ́ náà ni kí o fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Èédú yàtọ̀. Èédú máa ń dúdú nígbà tó wúlò, ó sì máa ń dúdú nígbà tí kò wúlò mọ́, ojú kò lè dá a mọ̀. Nítorí náà, òun ni kí o máa ka ọjọ́ fún: bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin síra wọn. Bí o bá ń ṣiyèméjì, fi ìwé funfun sẹ́yìn gíláàsì kí o sì wo ìwé náà láti iwájú. Bí ó bá pọ́n bí ẹni pé o fi omi tíì tín-ínrín wò ó, èédú ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Èédú igi ni kí o lò, èyí tí epo tàbí ẹran kò kàn rí. Fọ eruku ara rẹ̀ dànù kó tó wọlé.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló kù. Àjíkẹ́, má pààrọ̀ òkúta náà.

Bó bá di dandan, bí ẹrẹ̀ bá ti dí àárín rẹ̀ pa, mú ìdajì, fi omi àpótí náà ṣan án, kí o sì dá a padà. Ìdajì kejì, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Má ṣe fi ọṣẹ kàn án. Má sè é. Má fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan náà tí o pààrọ̀ òwú, tàbí lọ́jọ́ kan náà tí o da omi nù. Bí o bá sì ti ṣe ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, dín oúnjẹ wọn kù fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, nítorí ara asẹ́ kò tíì le.

O máa béèrè ìdí rẹ̀, nítorí ọmọ mi ni ọ́. Ìwé kan tí mo yá lọ́wọ́ àlùfáà wa ní àwọn ohun alààyè kan wà lára òkúta náà, wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, àwọn ni wọ́n ń jẹ oró tó ń ti ara ẹja jáde. Bí a bá fọ òkúta náà mọ́ pátápátá, a ti pa wọ́n nìyẹn. N kò rí wọn rí. Ọdún mélòó ni mo fi sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn ohun kékeré tí a kò rí ni ọ̀tá wa, kí a fi ọṣẹ lé wọn jáde? Ìwé mìíràn wá ń sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ ni àwọn kan nínú wọn. Mo gba ìwé méjèèjì gbọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sí èyí tí mo gbà gbọ́ tán. Ohun tó dá mi lójú ni ohun tí mo fi ojú ara mi rí, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ báyìí.

Ìwọ náà rántí àpótí ẹja tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ló bá mi jó irin igun rẹ̀ pọ̀, mo fi pọ́tì lẹ gíláàsì mọ́ ọn. A kò ní iná mànàmáná tó lè ta omi sókè, mo wá wọ ilé ìdáná lọ mú ajere ìyá rẹ, ìkòkò oníhò tó fi ń yan ẹja lórí ààrò. Mo kó òkúta, èédú àti òwú sínú rẹ̀, mo gbé e lé orí àpótí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìwọ ni o máa ń fi ife bu omi láti inú àpótí sínú ajere, omi á máa kán padà sórí ẹja bí òjò. O máa ń ka ife náà sókè, ogójì láàárọ̀, ogójì nírọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà náà.

Ìyá rẹ kò dákẹ́ lórí ajere yẹn. "Bàbá Mórónkẹ́, ohun tí mo fi ń yan ẹja ni ẹ fi ń tọ́jú ẹja? Àwọn ẹja yìí á máa rò pé ẹ kàn ń fi iná falẹ̀ fún àwọn ni." Alájà Sífáwù tó ń gbé òdìkejì wa náà, bó bá ti yọjú, á ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ wo la máa jẹ wọ́n?" Ìwọ á wá fi ara rẹ dí iwájú àpótí, o ó ní, "Alájà, wọn kì í ṣe ti ọbẹ̀, orúkọ ni wọ́n ní!" Òótọ́ ni, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní orúkọ. Ẹpìyà kékeré tí ìrù rẹ̀ ya ni o ń pè ní Ìyá Ìjọ, nítorí pé iwájú ló máa ń wà nígbà gbogbo.

Wọ́n wá kọ̀wé sí wa nílé-ìwé pé alábẹ̀wò ń bọ̀. Òyìnbó ni, kí òmìnira tó dé nìyẹn. Ọ̀gá wa ti sọ fún un pé tíṣà kan wà ní Ọ̀fà tó ń sin ẹja nílé láti fi kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní òun máa yà wò ó. Mo wo ajere náà, mo rí i pé ó ti dúdú, òkúta inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Ojú tì mí. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí o bá ìyá rẹ lọ sí Òjòkú, mo da gbogbo rẹ̀ jáde. Mo fi ọṣẹ fọ òkúta, mo sè é nínú ìkòkò, mo sá a sóòrùn. Mo fi èédú tuntun sí i, mo fi òwú tuntun sí i, mo ha ara gíláàsì, mo da omi náà nù, mo pọn omi kànga tuntun sí i. Nígbà tí ẹ dé, o ní, "Bàbá, ó mọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì!" Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ Ajé, ó yìn mí, ó lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ẹja náà ń ṣí ẹnu sókè lójú omi. Ní ọjọ́rú o ti ilé-ìwé dé, aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dojú ikùn sókè.

Mo rò pé ìwọ náà kò gbàgbé ohun tí a sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè wà níbì kan bó ṣe rí.

Mo ní, "Kí lo fún wọn jẹ láàárọ̀?"

O ní, "Ẹ̀kọ díẹ̀ ni, sà."

"Díẹ̀ báwo?"

O fi orí ìka rẹ hàn mí. Orí ìka ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Mo ní, "O ti fún wọn ní àjẹjù. O ti pa wọ́n."

O wo ọwọ́ rẹ, o yí i padà, o wò ó lẹ́yìn. O ní, "Bàbá, ṣé ọwọ́ mi ni?"

Mo ní, "Ọwọ́ rẹ ni."

Ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn tí o lọ sunkún lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Bàbá Mórónkẹ́, gbogbo èyí tí ẹ fọ̀ ní Sátidé ńkọ́? Ṣé kò lọ́wọ́ sí i?" Mo bínú sí i. Mo ní kò sí ẹni tí ìmọ́tótó pa rí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi báyìí, ojú ewé náà wà níwájú mi: "Ẹja kú. Mórónkẹ́ fún wọn ní oúnjẹ jù."

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, mo lè sọ pé mi ò mọ̀ ni. Àìmọ̀ kì í ṣe nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì mo tún gbé àpótí náà sílé-ìwé, mo kó ẹja mìíràn sí i. Nígbà tí ilé-ìwé gba ọlidé, mo tún fọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe ṣe ti àkọ́kọ́. Èmi nìkan ló ń fún wọn jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n kú. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tí mo lè bi ohun tó fún wọn jẹ. Mo dúró níwájú àpótí yẹn, mo sì mọ̀.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti mọ̀, Àjíkẹ́. N kò sọ fún ọ. Ilé-ìwé àwọn obìnrin ni o wà nígbà náà, mo ní kí o dé ná. O dé, mo ní kí o ṣe ìdánwò tán. O ṣe ìdánwò tán, o gba iṣẹ́, ìgbéyàwó dé, mo ní ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ ẹja fún ìyàwó tuntun. Ní gbogbo ìgbà yẹn mo ń rí ọ. Mo rí i pé o kò jẹ́ fún adìẹ lóúnjẹ mọ́. Mo rí i pé bí Alájà Sífáwù bá na ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí ọ kí o gbé e, o máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn, o ó ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí ẹní, Alájà." Àwọn èèyàn ń yìn ọ́ pé o jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Mo gba ìyìn náà fún ọ, mo sì mọ ibi tó ti wá.

Báyìí ni o ṣe kọ ọ́ pé ọwọ́ rẹ kò dára fún ohun ẹlẹ́mìí.

Ọmọ mi, kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ yẹn ló bu ọgọ́rin ife omi lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ, ẹja kan ṣoṣo kò kú. Èmi ni mo pa wọ́n, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí kí àlejò lè yìn mí. Lẹ́yìn náà mo mú ọmọ kékeré, mo fi bojú. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, mo sì máa ń ṣiyèméjì nípa ọ̀pọ̀ nǹkan, títí kan àwọn tí mo ń sọ lórí pẹpẹ bí wọ́n bá ní kí n ka ẹ̀kọ́. Èyí ni mi ò ṣiyèméjì nípa rẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe irú èyí tún lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ọmọ nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n o béèrè, bàbá rẹ sì ni mí, ojú kò ní tì mí kí n má sọ díẹ̀.

Ọkọ rẹ, Délé, ti dá gbé fún ọdún mẹ́rin kó tó fẹ́ ọ. Àwọn àṣà kan á wà lára rẹ̀ tí ojú rẹ máa rí bí òkúta dúdú: àga tí kò fẹ́ kí a gbé kúrò níbẹ̀, ọ̀rẹ́ tó ń wá jẹun láìsọ tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń kó bàtà sábẹ́ ibùsùn. Má kó gbogbo rẹ̀ jáde ní Sátidé kan. Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ, oṣù àkọ́kọ́ ni mo fi òfin lé e lọ́wọ́, mo kọ ọ́ sórí ìwé: ìgbà tí a ó jẹun, irú ọṣẹ tí a ó lò, àwọn tó lè wá kí wa. Ó gbà á, ó kà á, ó sì kó lọ sí Ìlémọ̀nà, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé mi mọ́ tónítóní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Nǹkan tó bá ń dí ọ̀nà ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ìyẹn ni kí o mú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kàn burẹ́wà lásán, fi í sílẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ pé òun ló ń gbé ilé ró.

Ọmọ tó ń bọ̀ ńkọ́? O máa ṣe àṣìṣe sí i. Kò sí òbí tí kò ṣe é. Ọjọ́ tí o bá rí i pé o ti ṣe é, sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, bí kò tilẹ̀ tíì gbọ́ ọ̀rọ̀. Má dúró kí ó ṣe ìdánwò tán.

Mo ka lẹ́tà yìí fún ìyá rẹ kí n tó parí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ ka ibi tí mo fò nínú tìrẹ fún un. Ó wá ní, "Ẹ ti wá kọ ọ́." Mo ní mo ti kọ ọ́. Ó ní, "Ó pẹ́ o, Bàbá Mórónkẹ́." Mo ní mo mọ̀. Ó dìde, ó ń wá ìdérí agolo.

Nítorí pé òun ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, nínú ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Àìkú. Agolo kan ń bá a bọ̀. Láti ìgbà ti ilé-ìwé náà ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja, ajere náà ṣì wà lórí àpótí, ìdajì-ìdajì ni mo sì ń ṣan òkúta rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Inú rẹ̀ ni mo ti bu òkúta tó wà nínú agolo náà. Lánàá, ìyá rẹ ti búra pé òun kò ní gbé ẹrẹ̀ wọ ọkọ̀, pé gààrí àti ẹ̀lùbọ́ wà nínú ẹrù òun. Láàárọ̀ yìí ó ní orí itan òun ni òun máa gbé e lé títí dé Mínná, kí omi rẹ̀ má bàa dà.

Bí ó bá dé, fi òkúta náà sáàárín ti inú asẹ́ tìrẹ kó tó gbẹ. Á máa ran òwú àti èédú tuntun lọ́wọ́ nígbàkúgbà tí o bá fi wọ́n sí i. Ó ń rùn díẹ̀, ó sì ń yọ̀. Má fọ̀ ọ́. Má sì lo ṣíbí, Àjíkẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi kó o.

Èmi tí mo pa ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
Bàbá rẹ.